Ẹ Má Jẹ́ Kí Ọwọ́ Yín Ya Òpè

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹni tí kò mọ bí a ṣe ń ṣe nǹkan kò lè mọ ìgbà tí wọ́n bá ṣe é ní àṣekù fún un. Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá bá yín lónìí nìyẹn; gbogbo ìyókù tí n ó sọ, àlàyé rẹ̀ ni. Mi ò wá bá yín jà nítorí fóònù. Mi ò sì wá sọ pé ayé àtijọ́ dùn ju tòní lọ. Ayé tí wọ́n bí mi sí, kí ilẹ̀ tó mọ́ la ti ń lọ pọn omi lódò, igi la fi ń dáná, èéfín sì ń jẹ ojú àwọn ìyá wa. Kò sí ẹni tó gbé inú ayé yẹn tó máa gbàdúrà pé kí ọmọ òun padà síbẹ̀. Ohun tó ń dùn mí ni pé nígbà tí a ń da ìyà yẹn nù, a da ìmọ̀ kan nù mọ́ ọn, ìmọ̀ náà kò sì bá ìyà tan.

Kì í ṣe iṣẹ́ ọnà ńláńlá ni mo ń sọ. Aṣọ òfì Ìṣẹ́yìn, àdìrẹ Ìtòkú ní Abẹ́òkúta, ìkòkò Ìlọrin, gbogbo wọn ló ní alágbàwí. Nike Davies-Okundaye ti ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ní àdìrẹ ní Òṣogbo láti àwọn ọdún 1980, àwọn àlejò sì ń ti òkè òkun wá wò ó. Iṣẹ́ tí kò ní alágbàwí lèmi ń bá kiri: kí ènìyàn lè sẹ́ ògì, kí ó lè rán bọ́tìnnì tó já, kí ó lè pààrọ̀ táyà lójú ọ̀nà, kí ó mọ ohun tí a ń ṣe fún ọmọ tó ń yàgbẹ́ gbuuru kí a tó gbé e dé ọ̀dọ̀ nọ́ọ̀sì. Kò sí ẹni tó ń ṣe àjọ̀dún fún àwọn wọ̀nyí. Bí wọ́n bá kú, a ò ní gbọ́ ìkéde.

Ẹ jẹ́ kí n fi ògì bẹ̀rẹ̀, torí pé ilé Yorùbá tí kì í mu ún kò wọ́pọ̀. Ẹni tó fẹ́ ṣe ògì, àgbàdo ni yóò kọ́kọ́ ṣà. Ojú rẹ̀ gbọ́dọ̀ mọ hóró tí kòkòrò ti jẹ, kí ó sì mọ èyí tó ti bu, nítorí àgbàdo tó bu lè ní oró kan tí àwọn onímọ̀ ń pè ní aflatoxin. Iná ìdáná kì í pa oró yìí tán, ẹ̀dọ̀ ènìyàn ló sì máa ń bà jẹ́. Lẹ́yìn náà ni yóò rẹ àgbàdo sómi fún ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta. Lásìkò ọyẹ́ ó lè pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ, lásìkò ooru ó lè yá. Aago kọ́ ló ń sọ fún un pé ó ti tó. Imú rẹ̀ ni, àti èékánná tó fi tẹ hóró kan wò bóyá ó ti rọ̀. Ó gbọ́dọ̀ mọ òórùn ohun tó kan dáadáa yàtọ̀ sí òórùn ohun tó ti bàjẹ́. Yóò fọ̀ ọ́, yóò lọ̀ ọ́, yóò sẹ́ ẹ, yóò ya eèrí sọ́tọ̀ fún ewúrẹ́, yóò sì fi ògì sílẹ̀ kí ó tòrò. Omi tó lékè rẹ̀, ojoojúmọ́ ni yóò máa pààrọ̀ rẹ̀ bí kò bá fẹ́ kí ògì náà kan jù. Láàárín gbogbo èyí, àwọn ohun abẹ̀mí tín-ín-tín tí ojú kò lè rí, tí wọ́n ń pè ní Lactobacillus, ń bá a ṣiṣẹ́. Àwọn ló ń mú ògì kan, kíkan yẹn ni kì í sì í jẹ́ kí àwọn kòkòrò àìsàn rí ibẹ̀ gbé. Àwọn ìyá wa kò mọ orúkọ wọn, ṣùgbọ́n wọ́n mọ iṣẹ́ wọn dunjú.

Bó bá wá di à ń po ògì mu, omi tútù díẹ̀ la kọ́kọ́ fi ń pò ó kí kókó má bàa sí níbẹ̀. Omi tí a ó dà lé e gbọ́dọ̀ máa hó yaya. Bí a bá ti gbé omi náà sọ̀ tí ó sinmi díẹ̀ kí a tó dà á, ògì á máa ṣàn kálẹ̀, kò ní ki, kò sì ní jinná.

Mo mọ̀ pé ẹ lè ra ògì inú ọ̀rá ní ọjà Bódìjà tàbí Oyíngbò. Èmi náà máa ń rà á. Ṣùgbọ́n ẹni tó ti sẹ́ ògì rí, bó bá fi ìka kan tọ́ ọ wò, ó ti mọ̀ bóyá wọ́n sẹ́ ẹ kúnná, bóyá ó ti pẹ́ jù nínú omi, bóyá wọ́n fi nǹkan mìíràn lú u. Ẹni tí kò sẹ́ ẹ rí, owó ló ní lọ́wọ́, kò ní ojú. Abiyamọ tó mọ ògì dénú tún mọ̀ pé ògì nìkan kò tó ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ oúnjẹ, pé ó yẹ kí òun lọ ẹ̀wà sóyà tàbí ẹ̀pà mọ́ ọn, tàbí kí òun fi ẹyin tàbí edé lílọ̀ kún un, kí ọmọ lè dàgbà bó ṣe yẹ.

Ti gàrí tún wúwo jù bẹ́ẹ̀ lọ. Oró wà nínú pákí tútù, pàápàá èyí tó korò. Rírin tí a ń rin ín, ọjọ́ tí a fi ń jẹ́ kí ó kan nínú àpò, fífún tí a ń fún omi rẹ̀ dànù àti iná tí a fi ń yan án, àwọn ló ń lé oró náà jáde. Ẹni tó ń kánjú owó lè gé ọjọ́ kúrò nínú ọjọ́ rẹ̀, kí ó sì gbé e wá sọ́jà ní funfun báláú. Ahọ́n tó mọ kíkan gàrí ló lè tètè fura.

Báwo wá ni ìmọ̀ báyìí ṣe jáde nílé wa? Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ẹgbẹ́ mi máa ń sọ pé ọ̀lẹ ni yín. Mi ò bá wọn sọ ọ́. Ọmọ tí kò bá mọ bí a ṣe ń dáná, ẹnìkan ló gba ìṣáná lọ́wọ́ rẹ̀.

Ní oṣù Ṣẹ́ẹ́rẹ́ 1955, ìjọba Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ fún àwọn ọmọ Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà. Kò sí ohun tí wọ́n lè fún mi tí n ó fi ẹ̀kọ́ yẹn ṣe pàṣípààrọ̀. Òun ló sọ púpọ̀ nínú wa di ènìyàn. Ṣùgbọ́n bí ọdún ti ń gorí ọdún, ìrònú kan wọlé sí àwọn òbí lọ́kàn: pé ọmọ tó ń kàwé kò yẹ kí ó fọwọ́ kan ọkọ́, odó tàbí abẹ́rẹ́ mọ́, pé ìyà tí àwọn jẹ, ọmọ àwọn kò ní jẹ ẹ́. Ìfẹ́ ló wà nídìí rẹ̀, ẹ má ṣe dá wọn lẹ́bi. Ilé ìwé pàápàá kò kọ́kọ́ rò bẹ́ẹ̀. Oko ilé ìwé wà nígbà náà, iṣẹ́ ọwọ́ sì wà lára ohun tí wọ́n ń kọ́ wa. A ń fi imọ̀ ọ̀pẹ ṣe ìgbálẹ̀, a ń hun agbọ̀n, a ń fi amọ̀ mọ ìkòkò kéékèèké. Nígbà tó yá, àwọn òbí bẹ̀rẹ̀ sí í ra ìgbálẹ̀ àti agbọ̀n lọ́jà kí ọmọ wọn lè rí nǹkan gbé fún tíṣà, tíṣà ń gbà á, ó sì ń fún ọmọ ní máàkì. Mo ṣe iṣẹ́ tíṣà; mo rí i bẹ́ẹ̀.

Ní 1982, ìjọba àpapọ̀ mú ètò 6-3-3-4 wọlé, wọ́n ní ọmọ kọ̀ọ̀kan yóò kọ́ ìpìlẹ̀ iṣẹ́ ẹ̀rọ ní ọdún mẹ́ta àkọ́kọ́ sẹ́kọ́ńdìrì. Wọ́n ra ẹ̀rọ wá láti òkè òkun. Ní ọ̀pọ̀ ilé ìwé, inú àpótí tí wọ́n fi kó o dé ló wà títí ó fi dípẹtà, nítorí pé kò sí iná mànàmáná, kò sì sí tíṣà tó mọ̀ ọ́n lò. Ní 2011, wọ́n tún gbé iṣẹ́ 34 kalẹ̀ fún sẹ́kọ́ńdìrì àgbà, kí ọmọ kọ̀ọ̀kan mú ó kéré tán ẹyọ kan nínú wọn. Níbi púpọ̀, ṣọ́ọ̀kì àti pátákó ni wọ́n fi ń kọ́ ọ. Èrò náà dára lẹ́ẹ̀mejèèjì. Àmọ́ ọwọ́ kì í ka ohun tí a kọ sójú pátákó.

Ìlú ńlá ló wá parí rẹ̀. Bàbá tó ń gbé Ìkòròdú, tó ń ṣiṣẹ́ ní Victoria Island, ilẹ̀ kì í mọ́ bá a nílé. Ọmọ ń ti ilé ìwé bọ́ sí lẹ́sìn, ó ń ti lẹ́sìn bọ́ sídìí iṣẹ́ àṣetiléwá. Ìyá tí àárẹ̀ ti mú rí i pé òun á tètè se ọbẹ̀ náà tán ju kí òun dúró kọ́ ọmọ lọ, òtítọ́ sì ni. Bí ọmọ ọ̀dọ̀ bá wà nílé, òun ni yóò wà nídìí ààrò, òun ni yóò sì gba ẹ̀kọ́ tí ọmọ inú ilé ìbá gbà. Kò sẹ́ni tó jókòó pinnu pé kí nǹkan rí bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ kọ̀ọ̀kan ló ń mú díẹ̀ lọ.

Nínú gbogbo ohun tó lọ, ọ̀kan wà tí mo fẹ́ kí ẹ gbà padà lónìí olónìí. Láàárín 1985 sí 1992 tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Olikoye Ransome-Kuti fi jẹ́ mínísítà ètò ìlera, wọ́n kọ́ àwọn ìyá káàkiri Nàìjíríà bí a ṣe ń po omi oníyọ̀ àti ṣúgà fún ọmọ tó ń yàgbẹ́ gbuuru. Dókítà ọmọdé ni ọkùnrin náà. Ó mọ̀ pé omi tó ń tán lára ọmọ ló sábà máa ń pa á, àti pé ìyá lè dá omi náà padà pẹ̀lú ohun tó wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù rẹ̀. Àwọn ìyá tí kò ka ìwé kankan mọ ìwọ̀n rẹ̀ lórí, wọ́n sì ń kọ́ ìyàwó ọmọ wọn. Mo ti bi àwọn ìyá ọ̀dọ́ tó gboyè ní yunifásítì léèrè ìwọ̀n yìí, ọ̀pọ̀ wọn ń wo ojú mi. Nítorí náà ẹ gbọ́ ọ: omi mímọ́ lítà kan, ìyẹn ìgò omi 50cl méjì, ṣúgà ṣíbí tíì mẹ́fà, kí ẹ fi ọ̀bẹ gé orí rẹ̀ dọ́gba, iyọ̀ ìdajì ṣíbí tíì, òun náà ní gígé dọ́gba. Ẹ rò ó títí yóò fi yọ́. Kí ẹ tó fún ọmọ, ẹ tọ́ ọ wò: kò gbọ́dọ̀ níyọ̀ ju omijé lọ. Díẹ̀díẹ̀ la ń fi ṣíbí fún un, pàápàá lẹ́yìn ìgbẹ́ kọ̀ọ̀kan, kí ó sì máa mu ọmú lọ. Bó bá bì í, ẹ ní sùúrù fún nǹkan bí ìṣẹ́jú 10, kí ẹ tún bẹ̀rẹ̀ jẹ́jẹ́. Èyí tó wà nínú ọ̀rá kékeré tí wọ́n ń pè ní ORS ló dára jù, pẹ̀lú oògùn zinc, ilé ìwòsàn alábọ́dé sì máa ń ní in. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ òru, tí kẹ́místì ti tì, ẹ ò gbọ́dọ̀ máa wo ọmọ lójú. Bí ojú rẹ̀ bá jìn sínú, bí ẹ̀jẹ̀ bá wà nínú ìgbẹ́ rẹ̀, tàbí tí kò lè mu nǹkan mọ́, ẹ gbé e, ó di ilé ìwòsàn.

Ti iná tàbí omi gbígbóná tó jó ènìyàn náà ńkọ́? Ẹyin tútù, ògì, epo pupa, gbogbo ohun tí àwa àgbà máa ń rọ́ lé e, ẹ fi sílẹ̀. Omi tútù tó ń ṣàn ni, fún nǹkan bí ìṣẹ́jú 20, kí ẹ tó ro ohun mìíràn. Ẹ rí i pé kì í ṣe gbogbo ohun tí wọ́n ń ṣe láyé àtijọ́ ló tọ́. Ẹni tó ń ṣe nǹkan ló lè mọ èyí tó yẹ kí a tọ́jú nínú rẹ̀ àti èyí tó yẹ kí a jù nù.

Ẹ má sì ṣe rò pé iṣẹ́ ìgbà láéláé nìkan ni mo ń sọ. Ohun tuntun tó wọ ilé wa ní ìmọ̀ tirẹ̀, àìní ìmọ̀ náà sì ń pani. Nígbà tí sítóòfù ni gbogbo ilé ń lò, ọmọ ọdún mẹ́wàá mọ bí a ṣe ń pààrọ̀ òwú rẹ̀, ó sì mọ̀ pé a kì í bu kẹrosíìnì sí i nígbà tó bá ń jó lọ́wọ́. Gáàsì ti gba ipò sítóòfù báyìí. Mélòó nínú yín ló mọ̀ pé gáàsì wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ, pé ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ló máa ń sùn sí bó bá ń jò? Bí ẹ bá gbóòórùn rẹ̀, ẹ má tan iná kankan, ẹ má sì pa iná mànàmáná tó wà ní títàn, nítorí iná kékeré tó ń ta nínú swíìṣì tó láti fi dáná sí ilé. Ẹ ti sìlíńdà, ẹ ṣí ilẹ̀kùn àti fèrèsé, ẹ jáde. Ẹni tó fẹ́ mọ ibi tó ti ń jò, omi ọṣẹ ni kí ó fi pa ojú rọ́bà àti orí sìlíńdà. Ibi tó bá ń hó ni. Ìṣáná kọ́ la fi ń wá a. Jẹnẹrétọ̀ ńkọ́? Èéfín rẹ̀ ní afẹ́fẹ́ kan tí kò ní òórùn, tí kò ní àwọ̀, tó ń fi oorun pa ènìyàn. Ọdọọdún la ń gbọ́ nípa ìdílé tó gbé jẹnẹrétọ̀ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ tàbí kíṣìnì nítorí olè, tí wọ́n sùn tí wọn kò jí. Ìta gbangba ni àyè rẹ̀, jìnnà sí fèrèsé. Kò gba ìṣẹ́jú márùn-ún láti kọ́ ọmọ ní èyí, síbẹ̀ kò sí nínú ohun tí a ń kọ́ wọn.

Mọ́tò náà ní ìwé tirẹ̀ lára. Ẹ wo ẹ̀gbẹ́ táyà dáadáa, ẹ ó rí nọ́ńbà mẹ́rin. Bó bá jẹ́ 2319, ọ̀sẹ̀ 23 ọdún 2019 ni wọ́n ṣe é. Ẹni tó mọ̀ ọ́n kà kò ní ra táyà tòkunbọ̀ tó ti gbó nítorí pé wọ́n fi nǹkan dúdú pa á tó ń dán. Ọ̀dọ́bìnrin kan wà ládùúgbò mi tó máa ń dúró ti mẹkáníìkì rẹ̀ títí yóò fi parí iṣẹ́. Kò bá a jà, kò fura sí i. Ó kàn ń béèrè pé kí lèyí, kí ló ń ṣe, kí ló bà á jẹ́, ó sì máa ń gba èyí tí wọ́n yọ kúrò wò. Lónìí, ohùn mọ́tò rẹ̀ nìkan ló fi ń mọ ohun tó ń ṣe é kí ó tó gbé e lọ. Mẹkáníìkì náà ń bọ̀wọ̀ fún un, owó tó ń gbà lọ́wọ́ rẹ̀ sì ti yàtọ̀.

Ẹ jẹ́ kí n fẹnu kan ọ̀rọ̀ ìkọ́ṣẹ́. Tẹ́lẹ̀, bàbá tàbí ìyá ló ń mú ọmọ lọ bá ọ̀gá, wọ́n á jọ fọwọ́ sí ìwé àdéhùn, ọmọ á kọ́ṣẹ́ fún ọdún díẹ̀, ìgbà tó bá parí, wọ́n á ṣe fíríìdọ̀mù fún un, ọ̀gá á gbàdúrà sí i lórí níṣojú ẹgbẹ́ oníṣẹ́ ọwọ́ wọn. Ọ̀pọ̀ ọ̀gá ló ń sọ lónìí pé àwọn kò rí ọmọ iṣẹ́ mọ́. Ọmọkùnrin tí ìbá di bíríkìlà tàbí kápẹ́ńtà rí i pé ọ̀kadà lè fún òun lówó lálẹ́ ọjọ́ kan náà, ìdí tó fi ń sá sídìí rẹ̀ sì yé mi, nítorí ebi kì í dúró de ọdún mẹ́ta. Àmọ́ ẹ dé ibi tí wọ́n ti ń kọ́lé ní Èkó, kí ẹ béèrè ìlú àwọn tó ń lẹ táìlì. Púpọ̀ nínú wọn ti Bẹ̀nẹ̀ àti Tógò wá. Àwọn kan nínú wọn, ọmọ ìyá wa ni, láti Kétu, Sakété àti Pobè. Àwọn tó ń gbé iṣẹ́ fún wọn yóò sọ fún yín pé wọn kì í kánjú, igun táìlì wọn sì máa ń gún. Mi ò ní kí ẹ lé wọn. Ohun tí mo ń sọ ni pé ẹnìkan kọ́ wọn dé òpin, wọ́n sì dúró títí wọ́n fi mọ̀ ọ́n.

Àwọn ọmọ wa tó ti lọ sí Lọ́ńdọ̀nù náà ti rí i. Owó tí pọ̀lọ́mbà ń gbà fún wákàtí kan níbẹ̀ ló sọ ẹni tí kò gbá ìṣó rí nílé bàbá rẹ̀ di ẹni tó ń kun yàrá rẹ̀ fúnra rẹ̀, tó ń to ibùsùn láti inú páálí. Àwọn ìyá ti ń di irun ọmọ wọn fúnra wọn níbẹ̀, ṣùkú àti kòlẹ́sẹ̀ tí wọn kò di rí kí wọ́n tó wọ ọkọ̀ òfuurufú. Ọwọ́ wọn kò yàtọ̀ sí tiyín. Wọ́n kàn bọ́ síbi tí kò ti sí ẹni tó máa bá wọn ṣe é lówó pọ́ọ́kú ni.

Àwọn kan nínú yín yóò sọ pé, “Màmá, owó wà, ẹ jẹ́ ká pe ẹni tó máa ṣe é.” Ẹ pè é. Oníṣẹ́ ọwọ́ náà fẹ́ jẹun, ó sì yẹ kí ó jẹ ẹ́. Kò sí ẹni tó lè ṣe gbogbo nǹkan tán fúnra rẹ̀, àwọn baba ńlá wa pàápàá kò gbìyànjú bẹ́ẹ̀. Alágbẹ̀dẹ kì í hunṣọ, ahunṣọ kì í rọ ọkọ́. Ohun tí mo ń bẹ̀ yín fún ni pé kí ẹ mọ iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan dé ibi tí ẹ ti lè bá ẹni tó ń ṣe é sọ̀rọ̀ tó já gaara, kí ẹ sì lè di ara yín mú fún ọjọ́ mélòó kan bí kò bá dé. Ọwọ́ ara ẹni la fi ń tún ìwà ara ẹni ṣe. Láti àárín ọdún 2023 tí owó oríṣiríṣi nǹkan ti gbẹ́nu sókè, mo ti rí àwọn tó jẹ́ pé abẹ́rẹ́ àti òwú ló gbà wọ́n lọ́wọ́ ìtìjú: yunifọ́ọ̀mù tó fàya tí wọ́n rán, sálúbàtà tí wọ́n lẹ̀, àwọ̀tẹ́lẹ̀ tí wọ́n tún rọ́bà rẹ̀ fi sí.

Ẹ̀yin ọkùnrin, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín tààrà. Ẹni tó bá ní ilé ìdáná kì í ṣe àyè ọkùnrin kò mọ ìtàn ìran rẹ̀. Ta ló ń se oúnjẹ fún ọdẹ tó fi ọ̀pọ̀ ọjọ́ wà nínú igbó? Ta ló ń dá iná fún àgbẹ̀ tó sùn sí ahéré? Ọkùnrin ló pọ̀ jù nídìí aṣọ òfì Ìṣẹ́yìn, ọkùnrin sì pọ̀ nínú àwọn télọ̀ wa. Ọmọkùnrin tí kò lè se ẹ̀wà tó rọ̀, tí kò lè fọ ẹ̀wù rẹ̀ kí kọ́là rẹ̀ mọ́, ó ti fi ara rẹ̀ sábẹ́ ẹni tó máa ṣe é fún un. Bí ẹni náà bá sì ṣàìsàn, ilé náà dúró.

Báwo lẹ ó ṣe bẹ̀rẹ̀? Fídíò orí YouTube dára, èmi náà máa ń wò ó. Yóò fi bí wọ́n ṣe ń lu ẹ̀wà àkàrà hàn yín. Ṣùgbọ́n kò lè jẹ́ kí apá yín mọ ìgbà tí ẹ̀wà náà bá ti fúyẹ́ tó, ìyẹn sì ni àkàrà fi ń wú nínú epo. Nítorí náà, ẹ lọ bá ènìyàn. Ẹ mú iṣẹ́ kan péré, èyí tó sún mọ́ yín jù, kí ẹ má ṣe fi ọwọ́ kan òmíràn títí ọwọ́ yín yóò fi mọ́ sí i. Bí ó bá bàjẹ́ lẹ́ẹ̀kínní, ẹ dà á nù, ẹ tún un ṣe. Àwọn ìyá àgbà tó mọ iṣẹ́ wọ̀nyí ti ń dàgbà lójoojúmọ́, ẹ má ṣe fi ti ọdún tó ń bọ̀ dá wọn dúró.

Nígbà tí ẹ bá dé ọ̀dọ̀ wọn, ẹ má kàn jókòó kí ẹ máa bi wọ́n léèrè. Ẹ lè fi fóònù gba ohùn wọn sílẹ̀ bí ẹ bá fẹ́, ṣùgbọ́n ìyẹn nìkan kò tó. Bí ẹ bá bi ìyá àgbà pé ìwọ̀n iyọ̀ mélòó ló ń lọ sínú ọbẹ̀, yóò ní díẹ̀ ni. Bí ẹ bá bi í pé ìgbà wo la ń gbé e kúrò lórí iná, yóò ní ẹ ó rí i bó bá ti jinná. Kì í ṣe pé wọ́n ń fi nǹkan pamọ́. Inú ọwọ́ ni ìmọ̀ náà wà, kò sí lẹ́nu wọn. Ẹ ṣe é níwájú wọn, kí wọ́n máa wò yín. Ojú wọn yóò rí àṣìṣe yín kí ẹ̀yin tó rí i, wọn yóò sì pariwo lé yín lórí pé, “Kì í ṣe bẹ́ẹ̀!” Ẹ má bínú, ibi tí ẹ̀kọ́ wà nìyẹn. Sùúrù yóò tán lára wọn, wọ́n á sì na ọwọ́ láti gba ọmọrogùn lọ́wọ́ yín kí wọ́n lè ṣe é fúnra wọn. Bí wọ́n bá ti gbà á, ẹ kúnlẹ̀, tàbí kí ẹ dọ̀bálẹ̀, kí ẹ bẹ̀ wọ́n, kí ẹ sì gbà á padà.